Ta Ló Láṣẹ Láti Bá Yín Ṣe Ìwé Nílùú Ọba?

Ó ku ọ̀sẹ̀ 3 kí físà yín tán. Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú, ní Peckham, ẹnìkan rọra fà yín sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan: “Bùrọ̀dá kan wà tó ń báni ṣe ìwé. Ọmọ wa ni. Owó tiẹ̀ ò wọ́n bíi ti lọ́yà.” Ẹ pè é. Ó gbọ́ Yorùbá dáadáa, àdúrà ló tiẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀.

Kẹ́ ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ bi í léèrè: “Ẹ jọ̀ọ́ sà, àjọ wo ló forúkọ yín sílẹ̀?”

Òfin Immigration and Asylum Act ti ọdún 1999 ló bí ìbéèrè yẹn. Ó ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi gbígbani nímọ̀ràn lórí ìwé ìgbélùú ṣiṣẹ́ ṣe, àfi lọ́yà tí àwọn tó ń ṣàkóso iṣẹ́ lọ́yà mọ̀, tàbí ẹni tó wà lábẹ́ àjọ tó ń ṣàkóso àwọn tó ń gbani nímọ̀ràn lórí ìwé ìgbélùú, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní OISC tẹ́lẹ̀. Láti oṣù Kínní ọdún 2025, Immigration Advice Authority lorúkọ àjọ náà. Ẹni tó bá ń ṣe é láìgbàṣẹ lè fẹ̀wọ̀n tó tó ọdún 2 jura.

Ẹnìkan lè sọ pé: “Èmi ò kúkú gbowó.” Owó kọ́ lòfin ń wò o. Ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí tó bá gbé tábìlì kalẹ̀, tó ń gba ará nímọ̀ràn lórí físà wọn lọ́fẹ̀ẹ́, òfin kàn án. Àmọ́ ẹ̀gbọ́n yín tó bá yín tẹ ọ̀rọ̀ sínú fọ́ọ̀mù ní pálọ̀ kò rúfin kankan.

Wàyí o, ìpele mẹ́ta ni àṣẹ àjọ yìí pín sí, ibẹ̀ lọ̀pọ̀ èèyàn sì ti ń kọsẹ̀. Ìpele 1 wà fún ohun tó rọrùn, irú bíi kí wọ́n fi kún ọjọ́ físà tí kò tíì tán. Tí físà bá ti tán mọ́ yín lọ́wọ́, tàbí tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ asylum, ìyẹn títọrọ ààbò nílẹ̀ òkèèrè, ó ti kọjá agbára ẹni tó wà ní ìpele 1, ó di ìpele 2. Ẹni tó wà ní ìpele 3 ló lè bá yín rojọ́ níwájú adájọ́ tẹ́ ẹ bá pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn.

Ohun tó ń dùn mí jù nìyí: éjẹ́ǹtì tí kò láṣẹ kì í fi orúkọ ara rẹ̀ síbì kankan. Á kọ fọ́ọ̀mù náà bíi pé ẹ̀yin lẹ jókòó kọ ọ́. Ímeèlì tó lò, òun ló ṣí i, òun nìkan ló mọ pásíwọ́ọ̀dù. Tó bá ki ayédèrú ìwé báńkì mọ́ fọ́ọ̀mù náà, ìlànà Home Office, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ físà, gbà wọ́n láyè láti má fọwọ́ sí ìbéèrè yín, kódà kẹ́ ẹ má mọ nǹkan kan nípa irọ́ náà. Tí wọ́n bá wá gbà pé ẹ mọ̀ sí i, ó lè gba ọdún 10 kẹ́ ẹ tó rí físà gbà mọ́.

Ọ̀fẹ́ ni wíwo orúkọ àwọn tí àjọ náà fún láṣẹ, orí ìkànnì ìjọba, GOV.UK, ló wà. Ti lọ́yà wà lọ́dọ̀ Solicitors Regulation Authority, àjọ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ lọ́yà. Ẹ wo orúkọ náà, ẹ wo ìpele rẹ̀. Àwọn kan máa ń yá orúkọ olórúkọ lò, torí náà nọ́ńbà tẹ́ ẹ bá rí níbẹ̀ ni kẹ́ ẹ pè, kì í ṣe èyí tí bùrọ̀dá fún yín.