Ojú Kámẹ́rà Ni Ká Kọ́kọ́ Pinnu, Ká Tó Gbé Iná

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin tí ẹ ń fi kámẹ́rà jẹun. Ìbéèrè tí wọ́n ń bi mí jù ni, "Ẹ̀gbọ́n, iná wo ni kí n rà?" Èmi náà á bi onítọ̀hún pé: kí lo fẹ́ kí kámẹ́rà rẹ rí? Ẹni tí kò tíì mọ ibi tí àwòrán rẹ̀ parí sí kò lè mọ ibi tí iná yóò dúró, torí pé iná kò gbọ́dọ̀ hàn nínú àwòrán.

Ẹ jẹ́ ká mú close-up, tó jẹ́ ojú àti ọrùn nìkan. Ẹ lè gbé iná sí mítà kan sí òṣèré, kò ní hàn. Ẹ wá sún sẹ́yìn sí wide shot, tí òṣèré hàn láti orí dé ẹsẹ̀ pẹ̀lú yàrá tó wà. Iná náà ní láti sún. Tó bá dé mítà méjì, ìmọ́lẹ̀ tó ń bọ́ sójú òṣèré ti di ìdá kan nínú mẹ́rin ti tẹ́lẹ̀, kì í ṣe ìdajì o. Tó bá dé mítà mẹ́ta, ó di ìdá kan nínú mẹ́sàn-án. Òjìji á tún le sí i lójú òṣèré, etí rẹ̀ á hàn gbangba. Ìdí nìyí tí àwọn tó mọṣẹ́ fi sábà máa ń kọ́kọ́ ya wide: wọ́n á to iná fún gbogbo yàrá, lẹ́yìn náà ni wọ́n á sún un mọ́ òṣèré fún close-up, láti apá kan náà tó ti ń tàn tẹ́lẹ̀. Tí ìmọ́lẹ̀ bá ti ọ̀tún wá nínú wide, tó wá ti òsì wá nínú close-up, ara òǹwòran á fura, bí kò tiẹ̀ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Láàárín méjèèjì la ti rí medium shot, tó gé ènìyàn sí ìbàdí. Èyí tó gé e sí itan, àwọn Faransé ń pè é ní àwòrán Amẹ́ríkà, nítorí ìbọn tí àwọn kaboi ń so mọ́ ìbàdí nínú fíìmù gbọ́dọ̀ hàn. Tiwa yàtọ̀. Ọmọkùnrin wọlé, ó dọ̀bálẹ̀ fún bàbá tó jókòó: tó bá jẹ́ medium shot lẹ fi dúró dè é, ògiri lásán lẹ ó máa yà. Ẹ fi wide ya ìkíni, kẹ́ ẹ gbé kámẹ́rà wálẹ̀ dé orúnkún. Ẹ wá rántí pé ẹ̀yìn ọmọ náà ni iná ń tàn sí, ojú rẹ̀ wà nínú òkùnkùn. Páálí funfun kan tẹ́ ẹ tẹ́ sílẹ̀, níbi tí kámẹ́rà kò dé, á dá ìmọ́lẹ̀ padà sójú rẹ̀ bó bá gbórí sókè. Gèlè náà ní ọ̀ràn tirẹ̀. Ibi tí gèlè parí sí ni kẹ́ ẹ kà sí òkè orí, tí iná bá sì ga jù, òjìji gèlè á bo ojú. Ẹ sọ iná kalẹ̀ díẹ̀.

Èyí tó ń dà wá láàmú jù ni ẹni dúdú nínú lésì funfun. Tẹ́ ẹ bá fi kámẹ́rà sí ọ́tò, kó máa díwọ̀n ìmọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀, funfun púpọ̀ ló rí, ó sì máa dín ìmọ́lẹ̀ kù títí ojú á fi ṣú. Ẹ pa ọ́tò, ẹ díwọ̀n ìmọ́lẹ̀ tó wà lójú òṣèré, kẹ́ ẹ wá fi aṣọ dúdú lórí stand gé iná kúrò láyà lésì náà. Iná tó fẹ̀, tó gba inú softbox (àpótí tí aṣọ funfun bo iwájú rẹ̀) kọjá, ló yẹ àwọ̀ dúdú: ó ń dán jákèjádò ojú, nígbà tí gílóòbù ìhòòhò ń dán sójú kan ṣoṣo níwájú orí. (Nígbà tí rọ́ọ̀lù fíìmù ni wọ́n fi ń ya fọ́tò, fọ́tò obìnrin aláwọ̀ funfun tí wọ́n ń pè ní káàdì Shirley ni Kodak, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe fíìmù náà, fi ránṣẹ́ sí àwọn tó ń fọ fọ́tò láti fi díwọ̀n àwọ̀. Ẹ ò rí i pé ọ̀ràn wa pẹ́.)

Ní ti irinṣẹ́, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. Iná Redhead, iná gílóòbù gbígbóná tí àwọn tó ń ya fíìmù ń lò, ń jẹ 800 wáàtì, ooru ló sì ń fi èyí tó pọ̀ jù ṣe. Ẹ̀rọ amúnáwá tá a ń pè ní "I better pass my neighbour" kò lè gbé méjì, ariwo rẹ̀ á sì wọnú ohùn. LED tí kò tó ìdá kan nínú mẹ́ta wáàtì yẹn lè ṣiṣẹ́ tó sún mọ́ tirẹ̀. Àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ Redhead jẹ́ 3200 Kelvin (òṣùwọ̀n àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ nìyẹn), ó fà sí ọsàn; ti ojúmọmọ jẹ́ nǹkan bí 5600, ó fà sí búlúù. Tẹ́ ẹ bá gbé Redhead sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé lọ́sàn-án, ojú òṣèré á pín sí àwọ̀ méjì. Ẹ lè fi rọ́bà búlúù tín-ínrín tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá (gel) bò ó, àmọ́ yóò jẹ ju ìdajì ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ lọ. LED tó ń yí àwọ̀ padà sàn jù. Tówó bá kéré, ẹyọ kan tó dáa sàn ju mẹ́ta tí kò ní láárí.

Ẹnì kan bi mí nípa ring light. Yíká lẹ́ǹsì ló wà, iwájú gan-an ló ti ń tàn, ìdí nìyẹn tó fi ń jẹ́ kí ojú rí pẹrẹsẹ. Ẹni tó ń fi fóònù polówó ọjà lè lò ó, close-up nìkan ló ń yà. Fún eré, ẹ yọ ọ́ kúrò lára kámẹ́rà, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ òṣèré, kẹ́ ẹ na aṣọ funfun tín-ínrín síwájú rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ya wide, ẹ gbé iná mìíràn.