Ẹrù Ọwọ́ Ni, Àbí Ẹrù Orí?

Ẹ kú ìjókòó o. Ìṣẹ́jú 20 ni alága fún mi, ó sì ti kìlọ̀ fún mi lójú gbogbo yín. Ẹni tó bá ti gbọ́ mi rí mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo ní, ọ̀nà yòówù kí n gbà, ibẹ̀ náà ni màá já sí: kí ẹ̀rọ kankan tó wọ kíláàsì yunifásítì, ẹ bi í léèrè, ẹrù ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ló fẹ́ bá a gbé ni, àbí ẹrù orí? Tó bá jẹ́ ti ọwọ́, kó máa wọlé. Tó bá jẹ́ ti orí, kó dúró lẹ́nu ọ̀nà ná. (Orí tó ń ronú ni mò ń wí o, kì í ṣe èyí tí a fi ń ru igi.)

Ìwádìí Mueller àti Oppenheimer ti 2014, lórí bí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ olùkọ́ sílẹ̀ ní kíláàsì, ẹ ti mọ̀ ọ́n, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. Irọ́ ni, màá pẹ́ níbẹ̀. Àwọn tó fi laptop tẹ ọ̀rọ̀ olùkọ́ kọ púpọ̀ ju àwọn tó fi bírò kọ ọ́ lọ. Bó ṣe ń jáde lẹ́nu olùkọ́ ni wọ́n ń tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí ìbéèrè tó gba òye dé, àwọn oníbírò ló ṣe dáadáa jù. Àwọn olùwádìí mìíràn tó tún ìwádìí náà ṣe lẹ́yìn náà kò rí àlàfo tó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, mi ò ní fi ìyẹn pamọ́. Àmọ́ ọwọ́ kì í yá tó ẹnu. Oníbírò ò lè kó gbogbo ọ̀rọ̀, dandan ni kó ṣà, ibi tó ti ń ṣà á ló ti ń kọ́ ẹ̀kọ́.

Ọmọ kan wà ní kíláàsì mi, gbogbo ohun tí mo bá kọ sójú pátákó ló máa ń yà ní fọ́tò. Lọ́jọ́ kan mo ní kó ṣí ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá fún mi. Ó fìka ta ojú fóònù títí, ó kọjá ayẹyẹ ọjọ́ ìbí, ó kọjá àwòrán ológbò, kò rí i. Èmi àti ẹ̀ fi ẹ̀rín sí i. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ká kó gbogbo fóònù sínú àpótí, ẹ má tíì pàtẹ́wọ́ o, mo ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín.

Ẹ̀yin oníṣòwò ẹ̀rọ ńkọ́? Ní 1913, Edison, ará Amẹ́ríkà tó ń hùmọ̀ ẹ̀rọ, ní ìwé máa tó kásẹ̀ nílẹ̀ nílé ẹ̀kọ́, pé fíìmù ti dé. Edison ti lọ, ìwé ṣì wà. Ní 2011, Thrun àti Norvig, onímọ̀ kọ̀ǹpútà méjì, gbé ẹ̀kọ́ ọgbọ́n àtọwọ́dá láti Yunifásítì Stanford sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Ó lé ní 160,000 tó forúkọ sílẹ̀, nǹkan bí 23,000 ló parí rẹ̀. Iye yẹn kì í ṣe kékeré, mo gbà. Àwọn tó já sọ́nà ni ìwé ìpolówó kì í dárúkọ.

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ Mazur, olùkọ́ físíìsì ní Harvard, tó ń béèrè ìbéèrè, tí akẹ́kọ̀ọ́ á dáhùn, á bá ẹnìkejì rẹ̀ jiyàn, á tún dáhùn, tí ẹ̀rọ kàn ń bá wọn ka ìbò. Ẹrù ọwọ́ nìyẹn. Àmọ́ ọmọbìnrin kan ti nawọ́ láti ẹ̀yìn.

«Ẹ jọ̀ọ́ sà, èmi kì í ríran. Kọ̀ǹpútà ló ń ka ìwé sí mi létí.»

Mo ní ẹrù ọwọ́ ni, kó fọkàn balẹ̀.

«Àwọn ẹgbẹ́ mi máa ń fojú fo ojú-ewé 40, wọ́n á mọ ibi tí wọ́n máa dúró sí. Etí ò ṣeé fi fò sà. Mo máa ń ní kí ChatGPT ké e kúrú fún mi kí n tó gbọ́ ọ. Èyí ńkọ́, ẹrù ọwọ́ ni àbí ti orí?»

Gbọ̀ngàn pa lọ́lọ́. Ẹ̀rọ kan náà tí mo fẹ́ dá dúró lẹ́nu ọ̀nà nìyẹn, ojú-ewé mẹ́ta ni mo kọ láti fi bú u. Lọ́wọ́ ọmọ tó ń ríran, ó ń gba ẹrù orí. Lọ́wọ́ tiẹ̀, ojú ló ń bá a yá. Kì í ṣe ẹ̀rọ ló yẹ kí n máa bi léèrè lẹ́nu ọ̀nà.

Alága ti ń na aago sí mi. Mo ká ojú-ewé mẹ́ta náà pọ̀, mo bi í ohun tó máa ń ṣe lẹ́yìn tó bá gbọ́ àkékúrú yẹn tán.

Ó ní, «Ibi tí kò bá ti dá mi lójú sà, màá padà lọ gbọ́ ọ látìbẹ̀rẹ̀.»