Aṣọ́lé Ọ̀dọ́ Nínú Họ́kì Orí Yìnyín: Ohun Tí Ojú Rí àti Ohun Tí Ìṣirò Kọ

Ẹ̀yin olùkọ́ni, ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ họ́kì orí yìnyín, ẹ kú ìjókòó. Ìbéèrè kan ṣoṣo la fẹ́ yẹ̀ wò: tí ọmọ ọdún 17 bá dúró síwájú àwọ̀n, kí la fi ń mọ̀ bóyá yóò di aṣọ́lé gidi lọ́la? Ọ̀pọ̀ èèyàn á ní ká wo iye góòlù tó wọlé rẹ̀. Èmi ò fara mọ́ ọn. Fún ọmọ tó ṣì ń dàgbà, ohun tí ara rẹ̀ ń ṣe léraléra lórí yìnyín ló yẹ ká kọ́kọ́ wò, kí ìṣirò wá jẹ́rìí sí i tàbí kó ta kò ó.

Ìṣirò méjì ló gbajúmọ̀ jù. Ìkíní ni ìpíndọ́gba góòlù tó ń wọlé aṣọ́lé ní 60 ìṣẹ́jú. Ká má fi èyí ṣòfò àkókò: iṣẹ́ gbogbo ẹgbẹ́ ló ń fi hàn. Tí àwọn tó wà níwájú rẹ̀ bá mọ bí a ṣe ń dí ọ̀nà, pọ́ọ̀kì, ìyẹn rọ́bà pẹlẹbẹ tí wọ́n ń fi igi gbá, lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ nígbà 15 lálẹ́ kan. Tí wọn ò bá mọ̀ ọ́n, ó lè tó 40. Ìkejì ni ìdá pọ́ọ̀kì tó dá dúró nínú gbogbo èyí tí wọ́n gbá sí i. Ìyẹn sàn díẹ̀. Ní NHL, líìgì tó ga jù lágbàáyé, ìpíndọ́gba rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi .915 (ìyẹn 915 nínú 1,000) ní sáà 2015-16, ó sì ti wálẹ̀ sí nǹkan bíi .900 ní sáà 2024-25.

Ẹ jẹ́ ká jọ ṣírò nǹkan kan. Ká ní ọmọ kan wà tí agbára rẹ̀ gan-an jẹ́ .910. Ó gbá ìdíje 25 ní sáà kan, wọ́n sì ń gbá pọ́ọ̀kì 28 sí i nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 700, góòlù 63 ló sì yẹ kó wọlé. Kòńgẹ́ lásán, láìjẹ́ pé ọmọ náà dáa sí i tàbí burú sí i, lè fi nǹkan bíi 8 kún iye yẹn tàbí kó yọ ọ́ kúrò. Tó bá jẹ́ 55 ló wọlé, .921 ni wọ́n á kọ síwájú orúkọ rẹ̀, gbogbo ayé á máa pọ́n ọn lé. Tó bá jẹ́ 71, .899 ni wọ́n á kọ, kò sì sẹ́ni tó máa pè é. Ọmọ kan náà ni o! Góòlù 16 ló wà láàárín méjèèjì: èyí tó kọlu ẹsẹ̀ ẹlòmíràn tó fi yí ọ̀nà padà, èyí tó lu òpó tó yà wọlé dípò kó yà síta. Mélòó nínú àwọn ọmọ tí wọ́n ti lé kúrò ló jẹ́ pé irú sáà bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi dá wọn lẹ́jọ́? Ó ń dùn mí.

Ibi tí ojú ti wúlò nìyí. Pọ́ọ̀kì 28 péré ni wọ́n gbá sí ọmọ náà, ṣùgbọ́n láàárín ìdíje kan ṣoṣo, á sún, á yí, á kúnlẹ̀, á dìde nígbà àìmọye. Ẹ̀rí tó wà nínú ìṣe ara rẹ̀ pọ̀ ju èyí tó wà nínú góòlù lọ fíìfíì.

Ẹ mú ìgbà kan: alátakò gbé pọ́ọ̀kì lọ sẹ́yìn àwọ̀n, ó sì tì í síwájú fún ẹnì kejì rẹ̀ tó dúró ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Ẹ má wo pọ́ọ̀kì. Orí ọmọ náà ni kí ẹ wò. Aṣọ́lé tó mọṣẹ́, ojú rẹ̀ ló ń kọ́kọ́ lọ síbi tí pọ́ọ̀kì ń lọ, èjìká á tẹ̀ lé e, ẹsẹ̀ á ti yìnyín lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, á dé ibẹ̀, á sì ti dúró gbọn-in kí ẹni yẹn tó gbá a. Èyí tí kò tíì mọ̀ ọ́n á ju gbogbo ara sọ́hùn-ún, á ṣì máa yọ̀ lọ nígbà tí pọ́ọ̀kì ń bọ̀, àlàfo á sì ṣí láàárín apá àti ìhà rẹ̀. Bóyá pọ́ọ̀kì á bà á lápá, á sì ta dànù. Ìwé ìṣirò á kọ ọ́ pé ó mú un, gẹ́gẹ́ bó ṣe kọ ti ẹni àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n ní líìgì tó yára ju èyí lọ, inú àlàfo yẹn gan-an ni wọ́n á máa gbá a gbà.

Ẹ tún wo ibi tí pọ́ọ̀kì ń ta lọ lẹ́yìn tó bá lu páàdì ẹsẹ̀ rẹ̀: ṣé igun ni, àbí iwájú àwọ̀n gan-an? Kí ẹ sì wo bó ṣe ṣe lẹ́yìn góòlù tí kò yẹ kó wọlé.

Pekka Rinne ni àpẹẹrẹ tí mo fẹ́ràn jù. Igbákejì aṣọ́lé ni nínú ẹgbẹ́ Kärpät ní Finland, ìdíje díẹ̀ ló ń gbá, kò sí ìṣirò gidi tí ẹnikẹ́ni lè gbé yẹ̀ wò. Ìgbà tí wọ́n ń na ara ṣáájú ìdíje ni aṣojú Nashville Predators, ẹgbẹ́ kan ní NHL, ń wò ó. Ní draft ọdún 2004, ìyẹn ètò tí àwọn ẹgbẹ́ NHL fi ń yan ọ̀dọ́ eléré níkọ̀ọ̀kan, wọ́n mú un ní ipò 258. Ní 2018 ó gba Vezina, àmì-ẹ̀yẹ aṣọ́lé tó dáa jù ní NHL.

Àmọ́ bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Ojú náà ń tan ni jẹ, pàápàá tó bá jẹ́ gíga ara ló ń wò dípò ohun tí ara ń ṣe. Aṣọ́lé Dustin Wolf ṣe dáadáa gan-an ní ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ Everett, ìṣirò rẹ̀ ń dán, ṣùgbọ́n wọ́n ní kò ga tó. Ní 2019, ìgbà tí draft ń parí lọ ni ẹgbẹ́ Calgary tó mú un, ipò 214 nínú 217. Ó wá di ẹni tí wọ́n yàn ní eléré tó dáa jù ní AHL, líìgì tó tẹ̀ lé NHL, ní sáà 2022-23. Ìṣirò ló sọ òótọ́ níbẹ̀.

Sùúrù ló tún kù, torí pé aṣọ́lé máa ń pẹ́ kó tó gbó. Ìpele kẹwàá draft ni ẹgbẹ́ Chicago ti mú aṣọ́lé Dominik Hasek ní 1983. Ọmọ ọdún 25 ni kó tó gbá ìdíje àkọ́kọ́ ní NHL, ó sì gba Vezina lẹ́ẹ̀mẹ́fà. Ní 2000, aṣọ́lé ni wọ́n kọ́kọ́ mú nínú gbogbo àwọn ọmọ ọdún yẹn, Rick DiPietro, nígbà tí Henrik Lundqvist wà ní ipò 205. DiPietro gbá ìdíje 318 ní NHL, Lundqvist gbá 887. Ìfarapa ló dá ti DiPietro dúró jù, nítorí náà n kò dá àwọn tó yàn án lẹ́bi. Ta ló lè rí orúnkún ọmọ ọdún 18 títí di ọjọ́ iwájú?

Olùkọ́ni kan béèrè pé tí òun ò bá lówó fún ẹ̀rọ tó ń díwọ̀n bí ìgbá kọ̀ọ̀kan ṣe le tó, báwo lòun ṣe máa lo ìṣirò. Mo ní kó fi ọmọ náà wé aṣọ́lé kejì nínú ẹgbẹ́ kan náà, torí pé àwọn kan náà ló ń dí ọ̀nà fún àwọn méjèèjì. Kó wo ọjọ́ orí wọn àti irú ẹgbẹ́ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan kojú, torí ọ̀pọ̀ olùkọ́ni máa ń fi ìdíje tó rọrùn fún igbákejì. Kó sì pa sáà méjì tàbí mẹ́ta pọ̀ kó tó sọ ohunkóhun. Lẹ́yìn náà, kó lọ wo ọmọ náà lálẹ́ tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ń jìyà, tí pọ́ọ̀kì 40 ń bọ̀, kó kọ ohun tí orí, èjìká àti ẹsẹ̀ rẹ̀ ń ṣe sílẹ̀, kó sì tún padà lọ wò ó ní sáà tó ń bọ̀, bóyá àlàfo abẹ́ apá yẹn ti ń dí.