Bí ẹ ṣe máa yan kọ̀ǹpútà tó máa ṣe sáfà nílé láì jẹ bátìrì inverter yín tán

Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀pọ̀ yín ló ń bi mí pé kọ̀ǹpútà wo làwọn lè rà fi ṣe sáfà nílé, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí wọ́n á máa tàn sílẹ̀ káwọn ẹ̀rọ yòókù nílé máa gba nǹkan lára ẹ̀, kí wọ́n fi Nextcloud sí i kí fọ́tò máa wọlé síbẹ̀, kí wọ́n fi Jellyfin sí i káwọn ọmọ máa wo fíìmù, àmọ́ kó má fa iná jù. Ó dáa, a máa yàn án lónìí, a máa fi mítà wọn iná tó ń jẹ níwájú yín. Ohun kan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ mú sọ́kàn: ẹ má wo iye tó ń jẹ tó bá ń ṣiṣẹ́ àṣekára, iye tó ń jẹ tó bá kàn jókòó ni kẹ́ ẹ wò, torí sáfà ilé, jíjókòó ló pọ̀ jù nínú iṣẹ́ ẹ̀, tọ̀sán tòru ló sì fi ń jókòó ọ̀hún.

Ẹ kọ́kọ́ ṣírò bátìrì yín ná. Bátìrì olójé 12V 100Ah, tubular tàbí dry cell, 12 lọ́nà 100, 1200 watt-hour nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó pẹ́ lọ́wọ́ yín ẹ ò gbọ́dọ̀ lò ju ìdajì ẹ̀ lọ, ó ku 600. Ká ní NEPA mú iná lọ láago méje alẹ́ tí wọn ò dá a padà títí di aago méje àárọ̀. Desktop ńlá àtijọ́ tó ń jẹ 60 watt á béèrè 720, ó ti kọjá 600 yẹn kílẹ̀ tó mọ́. Èyí tó ń jẹ 10 watt, 120 péré, fáànù àti tẹlifíṣọ̀n ṣì máa rí tiwọn jẹ.

Ó yá, kí la máa rà? Tẹ́ ẹ bá ní láptọ́ọ̀pù tí ojú ẹ̀ ti fọ́ nílé, ẹ má rà nǹkan kan, ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Kì í jẹ iná púpọ̀, bátìrì tiẹ̀ náà á gbé e díẹ̀ tí iná bá ṣẹ́jú. Ẹ ṣáà tú ìdí ẹ̀ wò, tí bátìrì bá ti wú, ẹ yọ ọ́ kíákíá, ìyẹn lè gbiná. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ pa á dé kó sì máa ṣiṣẹ́ lọ, ẹ wọ inú fáìlì logind.conf lórí Linux, ẹ kọ HandleLidSwitch=ignore síbẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á lọ sùn.

Èmi o, mini PC tòkunbọ̀ ni mo máa ń sọ fún èèyàn pé kó rà. Ẹ wo èyí, Dell OptiPlex Micro ni, kò ju àtẹ́lẹwọ́ mi méjì lọ. HP ní EliteDesk Mini, Lenovo ní ThinkCentre Tiny, èyíkéyìí tẹ́ ẹ bá rí nínú wọn ló dáa. Processor inú ẹ̀, ìyẹn ọpọlọ kọ̀ǹpútà, ni kẹ́ ẹ wò: i5-7500T ló wà nínú èyí. Ẹ rí lẹ́tà T tó wà nídìí ẹ̀ yẹn, 35 watt ni Intel kọ fún un, èyí tí kò ní T jẹ́ 65. Àmọ́ ẹ má jẹ́ kí ẹni tó ń tajà fi ìyẹn tàn yín o, tí àwọn méjèèjì bá jókòó lásán, iye tí wọ́n ń jẹ ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀, T yẹn kàn ń dì í mú kó má sáré jù ni. Ẹ ṣáà má lọ sísàlẹ̀ ìran keje Intel, torí látibẹ̀ ni Quick Sync, apá tó wà fún fíìmù nínú processor Intel, ti ń tú fíìmù HEVC oní-10-bit, irú fíìmù tí wọ́n fún pọ̀ gan-an, fúnra ẹ̀ láì da ìyókù processor láàmú.

Tẹ́ ẹ bá débi tí wọ́n ti ń tà á, Computer Village ni o, ibòmíì ni o, ẹ ní kí wọ́n tàn án, kẹ́ ẹ wọ BIOS, ibi ètò ìpìlẹ̀ kọ̀ǹpútà tó máa ń wá kó tó tàn tán, kówó tó kúrò lápò yín. Ọ̀pọ̀ ló ti ọ́fíìsì òkè òkun wá pẹ̀lú password tẹ́nì kankan ò mọ̀. Ẹ wo adaptor náà, Dell máa ń dá a mọ̀ tí kì í bá ṣe tiẹ̀, á kọ ọ́ sójú screen, á sì dín eré processor kù, ẹ̀ẹ́ wá máa rò pé kọ̀ǹpútà lẹ rà tí ò dáa.

Tó bá jẹ́ tuntun lẹ fẹ́, mini PC tó ní processor Intel N100 ni kẹ́ ẹ wá, ó jáde ní 2023, 6 watt ni wọ́n kọ fún un. Raspberry Pi, kọ̀ǹpútà kékeré orí pátákó kan ṣoṣo yẹn ńkọ́? Ó ń jẹ iná díẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ tẹ́ ẹ bá ra Pi 5, ẹ ra adaptor 27 watt ẹ̀, ẹ ra àpótí ẹ̀, ẹ ra ibi tẹ́ ẹ máa so SSD, ìyẹn dísìkì tí kì í yí, mọ́, ẹ ṣírò ẹ̀ wò kẹ́ ẹ tó bá mi jà.

Ní ti dísìkì, SSD. Dísìkì oníyípo ńlá, ti 3.5 inch yẹn, ó lè jẹ watt 5 tó bá ń yí lásán, bí ìdajì mini PC fúnra ẹ̀ nìyẹn! Tẹ́ ẹ bá gbọ́dọ̀ lò ó, ẹ ṣètò kó máa sùn.

Ó yá, mítà. Mo ki mítà bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, mo ki mini PC bọ mítà. Ó ń tàn bọ̀... ẹ rí i, ó fò sókè, ẹ jẹ́ ó balẹ̀ ná. Ó ti ń ṣe 11 sí 12 báyìí. Mo máa tẹ sudo powertop --auto-tune, àṣẹ Linux tó ń dín iná tí kọ̀ǹpútà ń jẹ kù... ẹ wò ó, 9. Tẹ́ ẹ bá tún un tàn, á padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀ o, ẹ fi í sára ohun tó máa ń bẹ̀rẹ̀ fúnra ẹ̀.

Èyí tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ rèé: inverter fúnra ẹ̀ ń jẹun. Ọ̀pọ̀ máa jẹ 15 watt sókè tẹ́ ẹ bá ti tàn án, kódà tẹ́ ẹ ò so nǹkan kan mọ́ ọn, ìyẹn ju sáfà lọ! Ìdí tí mo ṣe fẹ́ràn àwọn N100 tí adaptor wọn jẹ́ 12V nìyẹn, ẹ lè gba iná ẹ̀ látara bátìrì kẹ́ ẹ pa inverter lóru. Àmọ́ ẹ má so ó mọ́ bátìrì ní tààrà o, tó bá ń gba ṣájì ó ń kọjá 14V. Ẹ fi converter tó ń dì í mú ní 12V sáàárín, kẹ́ ẹ sì fi fúùsì sẹ́gbẹ̀ẹ́ orí bátìrì. Router náà, ọ̀pọ̀ ẹ̀ 12V ni, ó lè bá a jẹ níbẹ̀.

Ó ku BIOS. Ẹ wá AC Recovery, ẹ gbé e sí Power On, àwọn míì pè é ní After Power Loss. Tí bátìrì bá kú tí iná wá dé láàjìn, á tan ara ẹ̀. Mo fa púlọ́ọ̀gì yọ, mo tún ki púlọ́ọ̀gì bọ̀ ọ́ padà, mi ò fọwọ́ kan bọ́tìnnì... ẹ rí i, ó ti tàn. Ẹ gbé e síbi tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí, kẹ́ ẹ máa nu fáànù ẹ̀, eruku ọ̀gbẹlẹ̀ pọ̀.