Sàréè Méjì àti Ṣáláńgá Kan

Àṣàlámù aláékùm, ẹ̀yin ọmọ ìyá mi nínú Ìsìláàmù. Ẹ kú ọjọ́ Jímọ̀ o.

Ọ̀rọ̀ ìgbẹ́ ni mo mú wá lónìí. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe yínmú. Àwọn ọ̀ṣẹbọ ti fi irú ọ̀rọ̀ yìí ṣe yẹ̀yẹ́ rí lójú Salmánù, sàhábà tó ti ilẹ̀ Páṣíà wá. Wọ́n ní Ànábì yín kọ́ yín ní gbogbo nǹkan, títí kan bí ẹ ṣe máa yàgbẹ́! Salmánù ò tijú. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ó kọ́ wa pé ká má kọjú sí Kíbílà, ìyẹn ìhà Káábà tí à ń kọjú sí kírun, ká má fi ọwọ́ ọ̀tún nùdí, ká má sì lo òkúta tí kò tó mẹ́ta. Ìmáàmù Muslim ló gba hádíìsì náà wá.

Abúlé kan wà lọ́nà Afọ̀n tí wọ́n máa ń pè mí sí fún wáàsí. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Bí wọ́n bá gbọ́ èyí, wọ́n á mọ ara wọn. Ọmọ wọn kan tó ń ṣòwò ní Ìlọrin fi búlọ́ọ̀kù, sìmẹ́ńtì àti páànù ránṣẹ́ pé kí wọ́n fi kọ́ ṣáláńgá oníhò mẹ́rin fún gbogbo ìlú. Ó ní kó jẹ́ sàdákà jáàríyà, ìyẹn sàdákà tí láádá rẹ̀ kì í dúró, fún ìyá òun tó ti kú. Ìgbà ọyẹ́ lẹrù yẹn dé. Òjò ti bẹ̀rẹ̀, díẹ̀ nínú sìmẹ́ńtì ti di òkúta, ewúrẹ́ ti sọ orí búlọ́ọ̀kù di ibùsùn. Wọn ò rí ibi tí wọ́n máa gbẹ́ ihò sí.

Àwọn kan ní ẹ̀yìn mọ́sálásí ló dáa, torí omi àlùwàlá ò jìnnà síbẹ̀. Ladání ní lójú ẹ̀mí òun kọ́. Àwọn kan ní abẹ́ igi èmi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà. Àwọn obìnrin tó ń patẹ níbẹ̀ yarí, òótọ́ sì ni wọ́n sọ, torí ibòji táwọn èèyàn ń sinmi sí wà lára ibi tí Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) kà léèwọ̀. Bí ẹnu ṣe kò síbì kan nìyẹn: ẹ̀gbẹ́ ilé ìyá àgbàlagbà kan tó jẹ́ opó, ní ìpẹ̀kun abúlé. Kò sẹ́ni tó ta kò ó, àfi ìyá náà.

Mo wà níjòkó lọ́jọ́ yẹn. Ìyá ò pariwo. Ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, ká ní bàbá wọn ṣì wà láyé, ṣé ibẹ̀ náà lẹ máa yàn?"

Gbogbo ilé pa lọ́lọ́. Mọ́gàjí fúnra rẹ̀ ń wolẹ̀. Nígbà tí ìjókòó tú, mo fẹsẹ̀ wọ̀n ọ́n láti ibi tí wọ́n ri igi mọ́ dé ẹnu kànga ìyá náà: ìgbésẹ̀ méjìlá. Àwọn onímọ̀ ìlera ní kí àárín ṣáláńgá àti kànga má dín ní mítà 30, ìyẹn á tó ogójì ìgbésẹ̀ ọkùnrin, kí ṣáláńgá sì wà nísàlẹ̀ kànga bí ilẹ̀ bá dà gẹ̀rẹ́. A fẹ́ fi ìgbẹ́ gbogbo ìlú sínú omi tí opó kan ń mu, a sì ń pè é ní sàdákà!

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá bàjẹ́ pátápátá ni lẹ́yìn ìjókòó náà. Òfófó ló gbà á. Ẹnì kan lọ sọ fún agbo ilé kan pé àwọn agbo ilé kejì ní ilé yín ń rùn tẹ́lẹ̀, kí ló kù tí ṣáláńgá fẹ́ bàjẹ́ níbẹ̀. Ó yí padà, ó gbé òmíràn lọ sọ́hùn-ún. Nígbà tí wọ́n kómọ jáde níbì kan, ìdajì abúlé ò débẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n rán yín létí hádíìsì tí Bùhárì àti Muslim gbà wá láti ọ̀dọ̀ ọmọ Abásì. Ànábì kọjá níbi sàréè méjì, ó ní wọ́n ń fìyà jẹ àwọn méjèèjì, kì í sì í ṣe lórí ohun tó nira fún wọn láti yẹra fún. Ọ̀kan kì í ṣọ́ra fún ìtọ̀ rẹ̀. Èkejì a máa ṣòfófó kiri. Ó wá mú imọ̀ ọ̀pẹ tútù kan, ó là á sí méjì, ó ri ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́ orí sàréè, ó ní bóyá wọ́n á dín ìyà wọn kù níwọ̀n ìgbà tí kò bá tíì gbẹ.

Ọjọ́ pẹ́ tí mo ti ń ka hádíìsì yìí, tí mi ò mọ ìdí tó fi so ìtọ̀ pọ̀ mọ́ òfófó. Abúlé yẹn ló là mí lójú. Ẹlẹ́gbin méjèèjì ni. Ọ̀kan ń ti ìsàlẹ̀ jáde, ọ̀kan ń ti ẹnu, ẹni tí kò sì ṣẹ̀ ni méjèèjì máa ń tà sí lára.

Àwọn tó ń jà pé kò gbọdọ̀ sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé àwọn, níbo ni wọ́n ń lọ lẹ́yìn ìrun Súbúì? Etí odò ni. Oko olóko ni. Nínú hádíìsì Muádhì tí Abú Dáúdà gbà wá, ohun mẹ́ta ló ń fa ègún: kéèyàn yàgbẹ́ síbi tí wọ́n ti ń pọnmi, sójú ọ̀nà, àti síbi ibòji. Ẹni tó ṣu máa ń gbàgbé, òjò kì í gbàgbé ní tirẹ̀; ó ń gbá a lọ sódò níbi tí ọmọ wa ti ń pọnmi. Ṣé a ti gbàgbé ọdún 2017 ni, nígbà tí àrùn onígbáméjì mú èèyàn tó lé ní 1,500 ní Ìlọrin àti agbègbè rẹ̀, títí kan ìhà Asà níbí?

Nígbà tí Ànábì wà lọ́mọ ọdún 35, tí wọ́n ń tún Káábà kọ́, àwọn Kuráéṣì fẹ́ẹ̀ para wọn lórí ẹni tó máa gbé Òkúta Dúdú sípò. Ó ní kí wọ́n tẹ́ aṣọ, ó gbé òkúta lé e, olórí ìdílé kọ̀ọ̀kan di etí aṣọ mú, wọ́n gbé e, òun wá fọwọ́ ara rẹ̀ fi í sípò. Àwọn wọ̀nyẹn ń jà torí pé kálukú fẹ́ kó jẹ́ tòun. Tiwa, kálukú ò fẹ́ kó jẹ́ tòun. Àìsàn kan náà ni.

Alìhámúdù Lílá, Mọ́gàjí ti tẹ́ aṣọ. Ó yọ igun kan nínú oko kajú tirẹ̀ sílẹ̀, ní ìsàlẹ̀ gẹ̀rẹ́, tó jìnnà sí gbogbo kànga. Agbo ilé kọ̀ọ̀kan máa mú ọ̀dọ́kùnrin méjì wá fún gbígbẹ́, wọ́n á sì máa fọ̀ ọ́ ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀, agbo ilé Mọ́gàjí ló máa kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Ní ti òórùn, páìpù gígùn máa jáde lókè òrùlé, nẹ́ẹ̀tì á bo ẹnu rẹ̀. Atẹ́gùn á máa fa òórùn gba ibẹ̀ lọ sókè. Inú ṣáláńgá á ṣókùnkùn díẹ̀, kí eṣinṣin tó bá wà nínú ihò lè máa fò lọ síbi ìmọ́lẹ̀ lẹ́nu páìpù, kí nẹ́ẹ̀tì sì dá a dúró síbẹ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan kí wọ́n tó ki ọkọ́ bọlẹ̀ lọ́la. Ọ̀dọ́ alùfáà kan ti ń sọ fún wọn pé Ànábì ní ká kọjú sí ìlà oòrùn tàbí ìwọ̀ oòrùn bí a bá ń yàgbẹ́. Hádíìsì Abú Áyúbù ni, ó sì fẹsẹ̀ múlẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ará Mẹ̀dínà ló ń bá sọ̀rọ̀, gúúsù sì ni Kíbílà tiwọn wà. Tiwa níbí, ìlà oòrùn tó yà díẹ̀ sí àríwá ni. Bí a bá tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ yẹn bẹ́ẹ̀, Kíbílà gan-an la máa kọjú sí! Àwọn onímọ̀ kan gbà á láyè bí ògiri bá wà láàárín, ṣùgbọ́n nígbà tí ilẹ̀ ṣì ṣófo, kí ló dé tí a ò ní yí i síbi tí kò ní àríyànjiyàn? Àríwá sí gúúsù ni kí wọ́n kọ ihò sí.

Nítorí náà, kí wọ́n dúró kí n fi igi sàmì sí Kíbílà fún wọn láàárọ̀ ọ̀la. Ẹni tó bá ní ṣọ́bìrì, kó mú un dání. Èmi náà á mú tèmi bọ̀.