Kí Bébà Tó Rún: Ìtàn Ìbẹ̀rẹ̀ Ẹgbẹ́ Pi Beta Phi

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin èèyàn iyì. Ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan ní Amẹ́ríkà ni mo mú ọ̀rọ̀ rẹ̀ wá.

Ọjọ́ 28 oṣù kẹrin ọdún 1867 ni àwọn ọmọbìnrin 12 ní Monmouth College, ìpínlẹ̀ Illinois, pàdé nílé Jacob Holt, níbi tí méjì nínú wọn háyà yàrá sí. Wọ́n dá ẹgbẹ́ awo sílẹ̀ bíi ti àwọn ọkùnrin, wọ́n pè é ní I.C. Sorosis. Ní 1888 ló tó di Pi Beta Phi.

Ẹni tó ń pa àṣírí mọ́ kì í kọ nǹkan sílẹ̀ púpọ̀. Ibi tí wàhálà ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Kọ́lẹ́ẹ̀jì náà tún wá fòfin de irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ̀ka àkọ́kọ́ sì kógbá wọlé ní 1884. Ọpẹ́lọpẹ́ àwọn ẹ̀ka tó ti wà níbòmíì. Àwọn ti Lawrence, ní Kansas, ló tẹ ìwé ìròyìn The Arrow jáde ní 1885.

Jennie Nicol, ọ̀kan nínú àwọn 12, kò bá a láyé. Ó kàwé dókítà, ó sì kú sí Zurich ní 1881. Àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ kan pẹ́ láyé débi tí wọ́n fi ròyìn ìbẹ̀rẹ̀ ẹgbẹ́ fúnra wọn. Tirẹ̀, ẹnu ẹlòmíì la ti ń gbọ́ ọ.

Ẹgbẹ́ ti ra ilé Holt, ó ṣì dúró. Ilé kì í ṣòro, gbogbo ayé ló ń rí i, owó máa ń tètè jáde fún un. Bébà ni kò lólùgbèjà. Igi ni wọ́n fi ṣe púpọ̀ nínú bébà ayé ìgbà yẹn, ásíìdì inú rẹ̀ ló sì ń jẹ ẹ́: ojú ewé á pọ́n, etí rẹ̀ á máa rún, irin tí wọ́n fi gán an á dípẹtà sí i lára. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́! Gọ́ọ̀mù ara rẹ̀ á sọ ibẹ̀ di àwọ̀ ilẹ̀.

Bá a bá wá fẹ́ gbé irú ìwé bẹ́ẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, àpilẹ̀kọ ńláńlá la máa ń sáré yà ní fọ́tò. Ìpolówó ọjà, lẹ́tà ẹ̀ka, ìròyìn ta ló ṣègbéyàwó, a ó ní kò wúlò. Èmi ò gbà rárá. Libbie Brook, ọ̀kan nínú àwọn 12 yẹn, ló dá ẹ̀ka ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Iowa ní 1868, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń wá a nínú ìwé tó tẹ̀ lé ìgbéyàwó rẹ̀, Gaddis, orúkọ ilé ọkọ rẹ̀, ni yóò bá. Obìnrin mìíràn wà tó jẹ́ pé orúkọ ọkọ rẹ̀ nìkan ló kù lẹ́yìn "Mrs.". Ìròyìn ìgbéyàwó kékeré tá à ń fojú tẹ́ńbẹ́lú yẹn ló so orúkọ méjèèjì pọ̀. Nítorí náà, láti èèpo iwájú dé èèpo ẹ̀yìn ni kẹ́ ẹ yà, kẹ́ ẹ sì to orúkọ ilé bàbá àti orúkọ ilé ọkọ síbì kan náà.