Bologna, ìlú ọ̀dẹ̀dẹ̀

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ará ilé àti ẹ̀yin tó wà lẹ́yìn odi. Ẹ̀yin tó ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́ alẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ̀yin tó ń dáná lọ́wọ́ ní Houston, ẹ̀yin tí ẹ wà ní Itálì gan-an, mo kí yín. Bologna, ìlú kan ní àríwá Itálì, ni mo fẹ́ kí a jọ rìn wọ̀ lónìí.

Ara ògiri kan ni kí a ti bẹ̀rẹ̀. Ní gbàgede Piazza Maggiore, ní àárín gbùngbùn ìlú, ilé ìjọba kan wà tó ń jẹ́ Palazzo d'Accursio. Wọ́n gbẹ́ ìwọ̀n sára òkúta ògiri rẹ̀: ẹsẹ̀ bàtà Bologna, tó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 38, ọ̀pá ìwọnlẹ̀, bí bíríkì ṣe gbọ́dọ̀ tóbi tó, bí amọ̀ tí wọ́n fi ń bo òrùlé ṣe gbọ́dọ̀ gùn tó. Bí oníbíríkì bá fẹ́ rẹ́ ọ jẹ, gbé bíríkì rẹ̀ lọ síwájú ògiri kí o fi wé e. Ọ̀rọ̀ parí. Ẹ fi ògiri yìí sọ́kàn, torí bí mo ṣe mọ Bologna sí nìyẹn: ohun tó bá ká ìlú náà lára, wọ́n á wọ̀n ọ́n, wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n á gbé e síbi tí gbogbo ènìyàn ti lè rí i.

Ẹsẹ̀ òkè Apennines ni ìlú náà wà, níbi tí òkè ti tán tí pẹ̀tẹ́lẹ̀ odò Po ti bẹ̀rẹ̀. Odò Reno wà lọ́wọ́ ìwọ̀-oòrùn, Savena lọ́wọ́ ìlà-oòrùn. Felsina ni àwọn Etruscan, ẹ̀yà tó ń gbé ibẹ̀ ṣáájú àwọn ará Róòmù, ń pè é. Àwọn ará Róòmù sọ ọ́ di Bononia ní 189 ṣáájú ìbí Krístì, ọdún méjì lẹ́yìn náà ni wọ́n la Via Emilia, ọ̀nà tó lọ gbọọrọ láti Rimini dé Piacenza. Òpópónà Rizzoli àti Ugo Bassi tí èrò ń wọ́ lójoojúmọ́ lónìí, ojú ọ̀nà yẹn náà ni.

Ṣùgbọ́n àlejò ló sọ ìlú yìí di ńlá. Ọdún 1088 ni wọ́n ń kà sí ìbẹ̀rẹ̀ yunifásítì ibẹ̀, òun sì ni àgbà ní Yúróòpù. Òfin Róòmù àtijọ́ ni Irnerius ń kọ́ni, àwọn ọmọ Jámánì, Faransé, Spain àti England ń rọ́ wá. Láyé ìgbà yẹn, àlejò kò ní ẹ̀tọ́ ọmọ onílùú. Bí ará Jámánì kan bá jẹ gbèsè tó sá lọ, wọ́n lè mú ará Jámánì mìíràn tí kò mọ̀ ọ́n rí pé kó wá san án. Ẹni tó bá mọ ìtàn ilẹ̀ Yorùbá kò ní ṣe háà, torí wọ́n mú ará ìlú ẹni nítorí gbèsè nílẹ̀ wa náà. Láàárín 1155 sí 1158 ni Ọba Frederick Barbarossa ti Jámánì ṣe òfin tí wọ́n ń pè ní Authentica Habita, pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fi gbèsè ẹlòmíràn mú akẹ́kọ̀ọ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pẹ̀lú kò káwọ́ gbera. Wọ́n kó ara wọn jọ ní ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan, bí a ṣe ń dá ẹgbẹ́ ọmọ ìlú sílẹ̀ níbikíbi tí a bá dé. *Natio* ni wọ́n ń pe ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀, àpapọ̀ wọn ni *universitas*. Àwọn ẹgbẹ́ àlejò yìí ló ń háyà olùkọ́, wọ́n sì ń bu owó ìtanràn lé olùkọ́ tó bá pẹ́ dé. Kí ọ̀rọ̀ náà, yunifásítì, tó di orúkọ ilé ẹ̀kọ́, orúkọ ẹgbẹ́ ni.

Níbo wá ni kí gbogbo àlejò yìí sùn? Onílé kò lè fẹ ilé síwájú nísàlẹ̀, títì ló wà níbẹ̀. Wọ́n bá fẹ̀ ẹ́ lókè. Wọ́n na igi àjà pẹ̀tẹ́ẹ̀sì jáde kọjá ògiri, wọ́n kọ́ yàrá lé e. Bí igi náà bá gùn jù, ẹrù yàrá á tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀, nítorí náà wọ́n fi òpó gbé e láti ilẹ̀. Àárín òpó àti ògiri wá di ibi tí ènìyàn lè gbà kọjá láìjẹ́ kí òjò pa á.

Ọ̀pọ̀ ìlú Itálì ló ní irú èyí nígbà náà. Púpọ̀ nínú wọn wó tiwọn dànù torí ó ń jẹ ojú títì. Bologna ní tirẹ̀ sọ ọ́ di dandan. Ní 1288, òfin ìlú pàṣẹ pé ilé tuntun gbọ́dọ̀ ní i níwájú. Gíga rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dín ní ẹsẹ̀ bàtà méje, ìyẹn mítà 2.66, kí ẹni tó gun ẹṣin lè kọjá láìforí gbá àjà. Ilẹ̀ ibẹ̀, ti onílé. Àtúnṣe rẹ̀, ọrùn onílé. Ọ̀nà ibẹ̀, ti gbogbo ayé.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni mo ń pè é, mi ò rí orúkọ tó bá a mu jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyàtọ̀ kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, ó sì tóbi. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ agbo ilé wa kọjú sí àgbàlá. Ọmọ ilé ló wà fún, àti àlejò tí a ti kí káàbọ̀. Tiwọn kọjú sí títì. Ẹni tí onílé kò mọ̀ rí, tí kò sì ní kí i, ni òfin ní kó kọ́ ọ fún.

Bí ẹ bá ka gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó wà ní Bologna pọ̀, ó jẹ́ kìlómítà 62. UNESCO kọ apá méjìlá nínú wọn mọ́ ogún àgbáyé ní oṣù Keje 2021. Igi ni òpó wọn níjọ́un. Igi ń jẹrà láti ìdí, iná sì ń jó o, nítorí náà ní 1568 ìjọba ní kí wọ́n fi bíríkì àti òkúta rọ́pò rẹ̀. Díẹ̀ ṣẹ́kù. Ẹ dé Casa Isolani ní Strada Maggiore, kí ẹ gbójú sókè: òpó igi oaku tó ga tó mítà mẹ́sàn-án ló gbé yàrá dání láti ọ̀rúndún kẹtàlá. Ẹ wo ìdí òpó náà, orí òkúta ni wọ́n gbé e lé kí ọ̀rinrin ilẹ̀ má bàa gòkè wọ inú igi. Ohun kékeré yẹn ló pa á mọ́.

Òkúta tí wọ́n ń lò fún ìdí ilé ní Bologna, selenite ni. Òkè ẹ̀gbẹ́ ìlú ni wọ́n ti ń wà á, ó ń dán yinrin bí dígí. Ẹ̀yin kọ́lékọ́lé mọ ọmọ ìyá rẹ̀ dáadáa: irú òkúta yẹn ni wọ́n ń sun, tí wọ́n ń lọ̀, kó tó di P.O.P. tí ẹ fi ń ṣe àjà. Ẹ sì mọ ohun tí omi ń ṣe fún P.O.P.: ó ń jẹ ẹ́.

Ibẹ̀ ni wàhálà Garisenda ti wá. Ilé gogoro méjì ló dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ní ìdí Via Rizzoli. Asinelli ga ní mítà 97, àtẹ̀gùn 498 ló wà nínú rẹ̀. Garisenda jẹ́ mítà 48. Ó ga jù bẹ́ẹ̀ lọ tẹ́lẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí tẹ̀, wọ́n bá gé orí rẹ̀ ní ọ̀rúndún kẹrìnlá. Báyìí ni wọ́n ṣe ń kọ́ wọn: wọ́n á gbẹ́ ilẹ̀, wọ́n á gún igi mọ́ amọ̀ kó lè le, wọ́n á fi selenite tẹ́ ìdí, lẹ́yìn náà wọ́n á mọ ògiri bíríkì méjì, ti inú nípọn, ti òde fẹ́lẹ́, wọ́n á sì da òkúta wẹ́wẹ́ àti ẹfun sáàárín. Ilẹ̀ tó wà lábẹ́ Garisenda rì ní apá kan ju èkejì lọ. Nígbà tó ti tẹ̀, ẹrù gbogbo ilé wá dà sórí apá kan ìdí náà, lórí òkúta tí ọ̀rinrin ti ń jẹ fún ọgọ́rùn-ún ọdún mélòó kan, tí iná àwọn alágbẹ̀dẹ tó ń ṣiṣẹ́ ní ìdí rẹ̀ sì ti sun. Ìdí gan-an ló ń fọ́. Ní oṣù Kẹwàá 2023 wọ́n dí ọ̀nà yí i ká, wọ́n sì ti Asinelli náà. Irin tí wọ́n fi gba ilé gogoro Pisa là ni wọ́n pinnu láti tún lò fún un. Nítorí náà, ẹ má fi gígun Asinelli sí ètò ìrìn yín. Ilé aago tó wà lára Palazzo d'Accursio ni kí ẹ gùn bí ẹ bá fẹ́ wo ìlú látòkè.

Mo dé ibi tó ká mi lára jù báyìí. Lọ́jọ́ 25 oṣù Kẹjọ 1256, agogo ìlú dún, èrò pé jọ sí gbàgede, ìjọba sì kéde pé òun ra àwọn ẹrú tó wà lábẹ́ Bologna lọ́wọ́ olówó wọn. Ẹrú tí wọ́n dè mọ́ ilẹ̀ ni wọ́n, tí wọ́n ń tà mọ́ oko. Ẹni tó lé ní ọmọ ọdún 14, lírà mẹ́wàá ni ìlú san lé e lórí; ọmọ tí kò tó bẹ́ẹ̀, lírà mẹ́jọ. Wọ́n jẹ́ 5,855. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, àwọn nótárì kọ orúkọ wọn sínú ìwé kan, àti ti olówó kọ̀ọ̀kan. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ nínú ìwé náà ni Párádísè, ìdí nìyí tí wọ́n fi ń pè é ní *Liber Paradisus*. Ilé ìpamọ́ ìwé ìjọba ní Bologna ni ó wà títí di òní.

Mi ò ní fi ọ̀rọ̀ dídùn bo òótọ́ mọ́lẹ̀. Ẹrú kì í san owó orí. Ẹni òmìnira ń san án. Ìjọba ìlú ń bá àwọn ọlọ́lá jà, ó sì fẹ́ gba agbára ọwọ́ wọn. Àwọn tí wọ́n dá sílẹ̀ náà kò lómìnira láti kó lọ sí ilẹ̀ mìíràn bó ṣe wù wọ́n. Gbogbo ìyẹn wà níbẹ̀. Síbẹ̀, orúkọ wọn wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ̀yin ará Bahia àti Havana tó ń gbọ́ mi, ẹ mọ ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn. Ìwé tí wọ́n kọ àwọn babańlá yín sí, orúkọ ìsàmì tí àlùfáà fún wọn ló sábà máa ń wà nínú rẹ̀. Orúkọ tí bàbá sọ ọmọ ní ọjọ́ kẹjọ kò sí ńbẹ̀. Ìwé tó kọ orúkọ ẹrú láti fi dá a sílẹ̀ kì í ṣe ohun tí mo lè gbójú fò.

Omi ńkọ́? Bologna kò sí lẹ́bàá odò ńlá, ó fa odò wọlé ni. Láti ọ̀rúndún kejìlá ni wọ́n ti sé odò Reno ní Casalecchio kí omi lè yà wọ ìlú. Omi náà ló ń yí ọlọ tó ń lọ́ òwú sílíìkì, ọkọ̀ ojú omi sì ń gbé ọjà gba ipa odò Navile lọ sí ọ̀nà Venice. Ẹni tó bá tú àṣírí ọlọ yẹn fún ará ìlú mìíràn, ikú ni òfin ní kó kú. Lẹ́yìn náà wọ́n bo ọ̀pọ̀ ipa odò mọ́lẹ̀, wọ́n fi ṣe títì. Ojú fèrèsé kékeré ní Via Piella ni àlejò ti ń wo èyí tó kù. Bíbò yẹn ní ìyà tirẹ̀. Ní oṣù Kẹwàá 2024, òjò rọ̀, odò Ravone tí wọ́n ti bò kún, kò rí àyè láti fẹ̀, ó bá ya sókè sí Via Saffi, ó gbé ọkọ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ kí n bọ́ sí oúnjẹ, torí ẹ̀yin tó ń jẹ sùpàgẹ́tì bolognese lókè òkun, ará Bologna kò mọ̀ ọ́n. Tagliatelle, pásítà pẹrẹsẹ tí wọ́n fi ẹyin pò, ni wọ́n fi ń jẹ ọbẹ̀ náà. Ní 1972 wọ́n kọ ìwọ̀n rẹ̀ sílẹ̀ ní ilé ẹgbẹ́ oníṣòwò: bó bá jiná, kó fẹ̀ ní mìlímítà mẹ́jọ. Ẹyin kan sí gíráàmù 100 ìyẹ̀fun. Ẹ pò ó títí ara rẹ̀ á fi dán, ẹ bò ó fún ìṣẹ́jú 30, ẹ tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ, kí ẹ jẹ́ kí atẹ́gùn fẹ́ ẹ díẹ̀ kí ẹ tó ká a láti gé e. Bó bá ṣì tutù, á lẹ̀ mọ́ra. Bó bá gbẹ jù, á là.

Ọbẹ̀ rẹ̀, tí wọ́n tún kọ sílẹ̀ ní 2023: ẹran màlúù tí wọ́n lọ̀ gbàǹgbà-gbàǹgbà, gíráàmù 400, ọ̀rá ikùn ẹlẹ́dẹ̀, 150, àlùbọ́sà, kárọ́ọ̀tì àti sẹ́lẹ́rì, bíi 60 ọ̀kọ̀ọ̀kan, wáìnì ife kan, tòmátò lílọ̀, 200 péré, àti ṣíbí tòmátò kíki kan. Ẹ kọ́kọ́ yọ́ ọ̀rá nínú òróró, ẹ da ẹ̀fọ́ wẹ́wẹ́ sí i, lẹ́yìn náà ẹran, lórí iná líle, títí ìró rẹ̀ á fi yí padà láti híhó sí yíyan. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í: wọ́n máa ń da tòmátò sí i nígbà tí omi ṣì wà lára ẹran, ẹran náà á kàn bọ̀ ni, kò ní ní adùn. Ẹ da wáìnì, kó gbẹ; ẹ wá da tòmátò àti omi ẹran, kí iná lọ sílẹ̀ fún wákàtí méjì ó kéré tán. Ẹni tó bá fẹ́ lè fi mílíìkì sí i lágbedeméjì. Fún ẹni tó mọ ọbẹ̀ ata, tòmátò rẹ̀ á dà bíi pé kò tó. Ó tó.

Bí ẹ bá jẹun tán, ẹ gun San Luca. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan ṣoṣo ni, kìlómítà 3.8, láti Porta Saragozza dé ṣọ́ọ̀ṣì orí òkè, ọrun bíríkì 666 ló gbé e. Apá àkọ́kọ́ tẹ́jú. Ní Meloncello ni gígun bẹ̀rẹ̀, àtẹ̀gùn pọ̀ níbẹ̀, ẹ wọ bàtà tó dára. Láti 1433 ni wọ́n ti ń gbé àwòrán Màríà sọ̀ kalẹ̀ wá sí ìlú lọ́dọọdún, nítorí ọdún yẹn òjò fẹ́ ba ìkórè jẹ́. Ní 1674 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ sí ojú ọ̀nà náà kí òjò má bàa pa àwọn tó ń tẹ̀ lé e. Òkè náà ga, ó ṣòro láti kó ẹrù dé orí rẹ̀. Ní 1677, ará ìlú tò láti ìsàlẹ̀ dé òkè, ọlọ́lá àti tálákà, wọ́n sì ń na ohun ìkọ́lé síra wọn láti ọwọ́ dé ọwọ́. *Passamano* ni wọ́n ń pè é, wọ́n ṣì máa ń ṣe ìrántí rẹ̀ ní oṣù Kẹwàá.